Àǹtí Ọjọ́-Kelòó àti Ilé Ìwòsàn Méje

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ló sọ àbúrò ìyá mi lórúkọ. Ọmọ náà ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì, kò sì sí iṣẹ́ tó ń ṣe ju kó máa ṣọ́ àwọn àgbà lọ. Láràárọ̀ ló ń rí obìnrin kúkúrú kan tó ń wọlé pẹ̀lú fáìlì ní abíyá àti gíláàsì lórí imú. Yóò dúró ti bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, yóò bi nọ́ọ̀sì pé, "Ọjọ́ kelòó rèé?" Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó di pé obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ọmọ náà ti ń kéde fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé, "Àǹtí Ọjọ́-Kelòó ti dé o."

Nọ́ọ̀sì tó gbé tíréè abẹ́rẹ́ dání rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti wá ibi gbé tíréè sí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fún un kò wúlò mọ́, àfi lórí ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ ara ògiri.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé, yàrá fáìlì ilé ìwòsàn kan náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èmi ni mo gbé orúkọ ọ̀hún wọlé. Àǹtí mi ní lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé kékeré kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú fáìlì ọmọ tí oògùn rẹ̀ bá pé ọjọ́ kẹta. Ohun tó kọ sí i ni: ÒNÍ NI ỌJỌ́ KẸTA. ṢÉ KÁ DÁ A DÚRÓ, ÀBÍ KÁ MÁA BÁ A LỌ? Mo jí ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ nínú fìríìjì. Ọkọ rẹ̀ ṣí fìríìjì, ó kà á, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì. Àǹtí mi kò bínú. Ó gbé ìkòkò náà jáde, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò díẹ̀.

"Kò sí àmì àìsàn kankan lára rẹ̀," ó ní. "Ẹ máa bá a lọ."

Irú èèyàn tí a ń wí nìyẹn. Ẹ óò fi ṣe ẹlẹ́yà, yóò sì fi ẹ̀fẹ̀ yín ṣiṣẹ́.

Apòògùn ni. Tẹ́lẹ̀, ojú fèrèsé ni apòògùn máa ń jókòó sí, a ó ti ìwé wọlé sí i, a ó gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí mi ló kọ́kọ́ kúrò lójú fèrèsé ní ilé ìwòsàn wa tó gun àtẹ̀gùn lọ sí wọ́ọ̀dù láti lọ wo ibi tí oògùn náà ń lọ. Ìdí ni pé bí ọmọdé bá dé tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, tí kò mu ọmú, tí kò la ojú dáadáa, dókítà kì í ní ààyè àtimọ̀ bóyá kòkòrò ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò lójú ẹsẹ̀. Èyí dára, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà sí i. Ìdáhùn láàbù a máa gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ibi tí wàhálà wà ni ọjọ́ tí ìdáhùn bá dé tó ní kò sí kòkòrò kankan, tí ọmọ sì ti ń ṣeré. Ta ni yóò sọ pé ó tó? Nọ́ọ̀sì ń wo dókítà, dókítà ń wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ń wo ìyá ọmọ. Báyìí ni oògùn ọjọ́ mẹ́ta yóò ṣe di ti ọjọ́ mẹ́wàá, tí abẹ́rẹ́ yóò sì wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní nǹkan kan í fi ṣe.

Àǹtí mi ni ẹni tó ń sọ pé ó tó.

Kò rọrùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan fi ara dí ẹnu bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Obìnrin náà ní, "Ẹ ẹ̀ ní gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ mi. Ṣé torí pé a ò mọ ẹnikẹ́ni níbí ni?"

Àǹtí mi fa àga, ó jókòó. Kì í bá òbí sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. "Ìyá, ẹ gbọ́. Bí nǹkan bá ń jẹ oko yín, ẹ ó pe ọdẹ, àbí?"

"A ó pè é."

"Ó dé, ó pa ẹran náà. Ẹ ẹ̀ ní jẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀? Bó bá jókòó síbẹ̀ tìbọn-tìbọn, adìẹ yín ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Ìgbẹ́ gbuuru tí ọmọ yín ń yà láti àná, adìẹ yín ni wọ́n ń yìn yẹn."

Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́.

"Ìkejì sì ń bọ̀. Ẹran tó bá sá pamọ́ nígbà tí ọdẹ ń rìn kiri lásán, ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá nílò ọdẹ yẹn lóòótọ́, ẹran náà á ti gbọ́ ọ látòkèèrè."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ti wú díẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ wà. "Ẹ yọ ọ́, ẹ̀yin ọlọ́dẹ," ó ní, ó sì ń fọn ikun imú. Ọmọ náà lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má rò pé dídá dúró nìkan ló mọ̀ o. Bàbá kan wà tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹrin nítorí pé ọmọ ti jẹun. Láàbù sì ti rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àǹtí mi, tí kò ga tó èjìká bàbá náà, dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Bàbá, ẹran ṣì wà lóko. Ọdẹ ò tíì lè lọ." Bàbá náà jókòó fún ọjọ́ mẹ́wàá tó kù, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti pè é ní àlè rẹ̀ rí. Ó sọ bàtà sí mi.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan wà tí wọ́n lo oògùn mẹ́rin fún, tí kòkòrò ara rẹ̀ ò bẹ̀rù èyíkéyìí nínú wọn. Òun lòun po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi náà sì mọ ìgbà tí a kì í ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọdún kejì tó ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, ilé ìwòsàn méje tó ń tọ́jú ọmọdé ní ẹkùn wa pinnu láti dára pọ̀. Kòkòrò kì í mọ ààlà ìlú. Èyí tó bá gbọ́n ní ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n fẹnu kò pé gbogbo oṣù ni kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan mú iye ọjọ́ tí ọmọ kan ń lò lórí oògùn apakòkòrò wá, kí wọ́n fi wéra, kí ẹni tó bá ṣe dáadáa kọ́ àwọn yòókù. Ìpàdé náà ń wáyé lórí kọ̀ǹpútà, ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù. Inú Àǹtí mi dùn débi pé ó ra ẹ̀wù tuntun, bẹ́ẹ̀ láti ọrùn sókè nìkan ni wọ́n máa rí.

Àbájáde àkọ́kọ́ dé. Ilé ìwòsàn orí òkè ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Ilé ìwòsàn kékeré kan létí odò, tí wọn ò tilẹ̀ ní apòògùn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń bójú tó oògùn, ló ṣe ìkẹfà. Àwa tí Àǹtí mi ń gun àtẹ̀gùn fún láràárọ̀ ló ṣe ìkeje.

Oṣù kejì, ìkeje. Oṣù kẹta, ìkeje.

Ọ̀gá dókítà wa ránṣẹ́ pè é. Èèyàn dáadáa ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ kó pe èèyàn, torí pé ọ̀rọ̀ burúkú kankan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé "ẹ má bínú" ló ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀gá Ẹ-Má-Bínú ni mo ń pè é, ní yàrá fáìlì nìkan.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. Èmi ni mo gbé fáìlì tẹ̀ lé Àǹtí mi, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ń bi mí pé kí ni ìwúlò àyẹ̀wò ọjọ́ kẹta yìí. Ilé ìwòsàn tí kò ní apòògùn rárá ṣe dáadáa jù wá lọ. Bí ti oṣù yìí bá tún jẹ́ ìkeje, a ó fòpin sí i. Ẹ ó máa padà sójú fèrèsé."

"Mo gbọ́ yín, Dókítà."

A sọ̀ kalẹ̀. Ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo ní kí n dá a lára yá, mo ní ojú fèrèsé kúkú ní àga tó dára. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ níwájú mi. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ torí pé ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kà wọ́n.

Mo ti rò pé yóò wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Kò wá. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé fóònù, ó pe ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní. Apòògùn orí òkè jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Àǹtí mi tẹ fóònù kí ohùn máa jáde síta, kó lè máa kọ̀wé bó ṣe ń gbọ́, nítorí náà mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Kò sí idán níbẹ̀, àbúrò mi. Ó dà bíi tìrẹ náà ni."

"Bó bá dà bíi tèmi, mi ò ní máa ṣe ìkeje. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ohun gbogbo tí ẹ ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọlé."

"Ó dáa. Ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dé ọwọ́ rẹ."

Ajé nìyẹn. Ní Ọjọ́rú, kò rí nǹkan kan. Ó ń ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń pa á. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó pè é padà, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan o."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi í ránṣẹ́ ni. Ṣebí ọjọ́ mẹ́ta ni mo dá. Òní ló pé."

"Òní kẹ̀? Àná ló pé." Ó na ìka sókè, bí ẹni pé fóònù ní ojú. "Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú."

"Ajé kọ́. Ajé la ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́gun lọjọ́ kan, Ọjọ́rú lọjọ́ méjì, Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ mẹ́ta."

"Ta ló kọ́ yín ní irú òǹkà yìí? Ẹ̀gbọ́n, nílé yín, ọjọ́ wo lẹ ń pè ní ìjẹta?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú àná."

"Ẹ kà á fún mi."

"Òní. Àná." Ọkùnrin náà dúró. "Ìjẹta."

"Ó jẹ́ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ ka òní mọ́ ọn, àbí ẹ ò kà á mọ́ ọn?"

A gbọ́ ẹ̀rín kékeré. "Mo kà á. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́ ìjẹta, àbúrò. Ẹnu kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ èkejì."

Mo rò pé ìjà ti parí, mo ti fẹ́ padà sídìí fáìlì mi. Mo wá rí i pé Àǹtí mi kò gbé ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìka mẹ́ta ṣì wà lókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù, tí ẹ dá a dúró ní ọjọ́ kẹfà. Ọjọ́ mélòó lẹ ń kọ ránṣẹ́ sí ìpàdé?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ẹ̀fà yọ ẹ̀rin. Méjì."

"Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹfà. Mẹ́ta lèmi ń kọ."

Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń fa dúrọ́ọ̀ níbi tí ọkùnrin náà wà.

"Àbúrò mi," ó ní níkẹyìn, "ọmọ kan náà la ń wí."

"Ọmọ kan náà ni. Lọ́dọ̀ yín, ó ṣe ipò kìn-ín-ní. Lọ́dọ̀ mi, ó gbé ìkeje."

Ilé ìwòsàn méje jókòó, wọ́n jiyàn lórí oògùn, lórí láàbù, lórí aago tí ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé kí ni ọjọ́ kan. Ta ni yóò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó kàwé? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi ti pe àwọn márùn-ún yòókù. Mẹ́rin ń yọ ọjọ́ kúrò nínú ọjọ́ bíi ti orí òkè. Nọ́ọ̀sì àgbà etí odò nìkan ló ń fi ìka kà bíi tiwa.

Mo fẹ́ ká lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Ẹ-Má-Bínú lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, mo ti mọ bí mo ṣe máa gbé orí mi. Àǹtí mi ní kò yá. Ó ní kí n kó gbogbo fáìlì oṣù mẹ́ta yẹn jáde, òun yóò tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà di pé òun mú àṣìṣe kan lọ fi gba àṣìṣe mìíràn là.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi kà wọ́n, lẹ́yìn iṣẹ́, lórí ilẹ̀ yàrá fáìlì, pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi. Ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ìka o. Iye tiwa kò yí padà, ó ń kà á dáadáa látilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta kíkà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn fáìlì sí ọ̀nà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ajé wà lápá kan, Ìṣẹ́gun lápá kan. Nígbà tó parí, ó jókòó ti àwọn ti Ọjọ́bọ̀ àti ti Ẹtì.

"Wá wò ó," ó ní.

Mo wò ó. Àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àti ní Ẹtì fi ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta, pẹ́ lórí oògùn ju àwọn yòókù lọ.

"Ọjọ́ kẹta ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni Àbámẹ́ta. Ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹtì ni Àìkú. Níbo ni mo ń wà ní Àbámẹ́ta?"

"Ilé. Ẹ ń bá mi jà pé mi ò gbálẹ̀."

"Mi ò gun àtẹ̀gùn. Bí mo bá sì dé ní Ajé, èrò ti pọ̀, ó di Ìṣẹ́gun kí n tó kàn wọ́n." Ó yọ gíláàsì. "Tèmi lèyí. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìmọ̀ràn tí mo fún un. Mo ní, "Àǹtí, òǹkà ti dá yín láre. Ẹ sọ ti òǹkà. Èyí, ẹ fi pamọ́ di oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí wọn ò bá ní lé yín kúrò mọ́."

"Ta ni kí n fi í pamọ́ fún? Ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ni?"

"Mi ò ní kí ẹ purọ́."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀. O ní kí n pẹ́." Ó fi fáìlì kan gbá mi lórí, kò dùn mí. "Ọjọ́ tí a fi kún un láìnídìí ni gbogbo ìjà mi, ìwọ sì fẹ́ kí n fi oṣù kan kún un."

Mo ti ń fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo to àwọn fáìlì padà sórí pẹpẹ láìsọ nǹkan kan, ó sì ní ṣé ara mi yá.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ojú méje ló wà lórí kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá Ẹ-Má-Bínú jókòó sẹ́yìn Àǹtí mi, ó ká apá mọ́ àyà. Èmi ni mo ń tẹ kọ̀ǹpútà fún un. Ó kọ́kọ́ gbé ti òǹkà kalẹ̀. Ó ní kí oníkálukú na ìka sókè kí wọ́n bá òun ka ọjọ́ kẹrin dé ọjọ́ kẹfà. Ẹ bá rí dókítà, ẹ bá rí apòògùn, àwọn tó fún ara wọn ní orúkọ ńlá ńlá, tí wọ́n ń na ìka bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo ìṣirò tò, ilé ìwòsàn kékeré etí odò ló bọ́ sí ipò kìn-ín-ní. Àwa ṣe ìkejì. Orí òkè ṣe ìkẹta.

Nọ́ọ̀sì àgbà etí odò yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ún, ó wọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́. "Mo ti kọ lẹ́tà pé a fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí," ó ní. "Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo rò pé àwa la burú jù, àwa tí a ò ní apòògùn."

"Ẹ fi lẹ́tà yẹn dáná," apòògùn orí òkè dá a lóhùn, ó ń fa ọ̀rọ̀. "Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ báyìí, mà. Mo máa mú àga tèmi wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa náà rẹ́rìn-ín, ó tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí èmi ì bá ti pa kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àǹtí mi ní, "Mi ò tíì parí," ó sì gbé ti Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì kalẹ̀, bó ṣe rí gan-an, láìfi aṣọ bò ó. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa kan lo oògùn tí wọn ò nílò nítorí pé èmi wà nílé. Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Mo wo Ọ̀gá wa láti igun ojú. Ó ti tún ká apá rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ó tán, obìnrin yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ padà sójú fèrèsé.

Apòògùn orí òkè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wo tèmi." Ó kúrò lójú kọ̀ǹpútà, àga rẹ̀ nìkan là ń wò. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Nígbà tí bàbá náà padà, kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa kó tó sọ ọ́. "Tiwa burú ju tiyín lọ."

"Tiwa náà," ẹnì kan ní. Ẹlòmíràn ní òun ò tíì ka tòun tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ òun mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà etí odò nìkan ni tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, inú ọgbà ilé ìwòsàn ni òun ń gbé, òun máa ń rìn wọ wọ́ọ̀dù ní Àìkú pẹ̀lú sálúbàtà.

Ìdí ọ̀rọ̀ sálúbàtà yìí ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Kò sí ilé ìwòsàn kan tó lè ní kí apòògùn rẹ̀ má sinmi ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n méje ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá ń gbé fóònù fún gbogbo ilé ìwòsàn méjèèje ní Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọ̀sẹ̀ méje méje ni yóò máa kan oníkálukú. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yóò pè, yóò sọ bí ọmọ ṣe rí àti ohun tí láàbù wí, wọn yóò jọ gbà á rò pẹ̀lú dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lókè ìwé ọ̀hún ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Àǹtí mi sí: Ọjọ́ tí a fún ọmọ ní oògùn àkọ́kọ́ ni ọjọ́ kìn-ín-ní.

Nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá wa ṣì jókòó sẹ́yìn wa.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní.

Mo di àga mú.

"Mo ti kọ ìwé tí mo fẹ́ fún ìgbìmọ̀ pé kí àyẹ̀wò ọjọ́ kẹta parí. Mo kọ ọ́ kí n tó wọlé síbí, mi ò dúró gbọ́ tẹnu yín. Mo máa ya á. Omíràn ni mo máa kọ."

Láti ìgbà tó ti ń sọ ẹ má bínú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ní ohun tó fi ń tọrọ àforíjì. Àǹtí mi ní, "Kò tó ìbínú, Dókítà. Ẹ ṣáà má fi orúkọ mi nìkan sí i. Ọwọ́ méje ló ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já sí ọwọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nílé pẹ̀lú fóònù, ìwé pélébé, bírò méjì, àti ẹ̀wù tuntun yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù lásán ni, wọn ò lè rí i. Mi ò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó dáa, mo fi ṣe díẹ̀.

Ìpè àkọ́kọ́ wá láti etí odò. Ọmọ oṣù márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Ọjọ́bọ̀.

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò gbóná mọ́ láti àná òwúrọ̀," nọ́ọ̀sì ní.

"Ọmú ńkọ́?"

"Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Láàbù ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà wa ló dúró tì mí yìí."

Dókítà náà gba fóònù. Àǹtí mi bi í ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn, ó ń fàlà sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Ó dà bíi pé iṣẹ́ oògùn yìí ti parí. Kí lẹ rí sí i?" Dókítà ní bí òun náà ṣe rí i nìyẹn, kò kàn fẹ́ dá sọ ọ́ ni.

"A ti jọ sọ ọ́ báyìí. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà."

Wọn ò pa fóònù. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí pílásítà, a gbọ́ igbe ọmọ náà, igbe ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ̀ ń béèrè lọ́ọ̀ọ́kán pé ṣé òun lè pọ̀n ọ́n wàyí, láìsí okùn omi tó ń fa àwọn méjèèjì padà. Ẹnì kan ní kó pọ̀n ọ́n. Igbe náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́.

"Wọ́n ti ń rìn lọ sójú fèrèsé," nọ́ọ̀sì ní.

Àǹtí mi na ìka rẹ̀ sókè, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, ó kọ mẹ́ta sínú ìwé, ó sì fà á nídìí. Fóònù tún ti ń dún.